Ọjọ́ Tí A Ṣí Fèrèsé Ilé Kẹsàn-án

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Prọ́ṣíà fi máa dó ti ìlú Valmeure di ọjọ́ kọkànléláàádọ́ta, ẹṣin ìlú ti tán nínú ìkòkò, ológbò ti ń sá fún èèyàn, ilé ìjọba sì ti di òkìtì òkúta. Ibi kan ṣoṣo tó kù tí àwọn ọ̀gágun lè jókòó sí, kí wọ́n tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì, ni ilé aṣẹ́wó Màdáámù Quéroy, Ilé Kẹsàn-án, létí odò Orme. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ogun kì í bèèrè irú ilé tí èèyàn ti wá. Ògiri ilé náà nípọn, àwọn pákó fèrèsé rẹ̀ sì ti wà ní títì pa láti ọgbọ̀n ọdún, torí òfin ìlú ni pé ilé aṣẹ́wó kò gbọdọ̀ ṣí fèrèsé tó kọjú sí òpópónà, ooru ni o, òtútù ni o. Ìmọ́lẹ̀ tí ọ̀tá máa fi sọ́ni kì í yọ níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn, Apolline Gourdet, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ilé náà, jókòó ní igun yàrá àlejò, ó ń rán àpò iyanrìn. Aṣọ ibùsùn ilé náà ni wọ́n ń gé fi rán an. Aṣọ tí wọ́n fi ń dẹ́ṣẹ̀ láti ọdún yìí wá, òun ló wá ń gba ọta ìbọn fún àwọn olódodo ìlú. Àwọn obìnrin yòókù jókòó yí i ká, wọ́n ń rán tiwọn, kò sì sí èyí tó gbójú sókè, ṣùgbọ́n etí wọn wà níbi tábìlì.

Ọ̀gágun Lescarre ló ń sọ̀rọ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ Igi ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń pè é, wọ́n á sì máa kì í pé, "Lescarre Ẹlẹ́sẹ̀ Igi, ọkùnrin tó fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ ní ogun Kìrìméà kí àwọn tó kù níbẹ̀ má baà gbàgbé rẹ̀!"

"Odò ti dì ní kọ̀rọ̀ ilé ọlọ," ó wí, ó fi ìka lu àwòrán náà. "Lánàá ni ọmọ ogun mi kan rìn lórí yìnyín náà dé àárín, ó sì gbé e. Ìyẹ̀fun gbogbo ẹgbẹ́ ogun wọn wà nínú ilé ọlọ yẹn. Ìbọn ńlá méjèèjì tó ń fọ́ wa lórí sì wà ní àgbàlá rẹ̀. Ọgọ́rin ọkùnrin ni mo fẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n àwọn atamátàsé wọn wà lórí òrùlé ilé awọ, níbi tí wọ́n ti ń ṣe awọ lódìkejì odò, ọ̀kánkán ibí gan-an. Láti òkè yẹn, wọ́n ń rí gbogbo odò. Bí mi ò bá rí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọn ò ní wo apá ilé ọlọ, orí yìnyín ni wọ́n á ti máa ṣà wá lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Ọ̀gágun," ni Pernelet, igbá-kejì olórí ìlú, dá a lóhùn, ó sì ń wo àwọn obìnrin náà bí ẹni tí eṣinṣin bà sínú ọbẹ̀ rẹ̀, "ṣé kò yẹ kí àwọn wọ̀nyí jáde ká tó máa sọ irú èyí?"

"Àṣírí ìlú yìí ti wà níkùn wọn láti ọgbọ̀n ọdún," Lescarre fèsì, "títí kan tìẹ, Pernelet. Ṣé ọ̀kan ti jáde rí?"

Hermance, àgbà inú àwọn obìnrin náà, wúkọ́. Etí Pernelet pọ́n.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀rọ̀ rò. Ẹnì kan ní kí wọ́n tiná bọ ilé ìkóùnjẹpamọ́ tó ti ṣófo. Òmíràn ní kí wọ́n máa lu agogo ìjọ. Lescarre ń mi orí. "Wọ́n á wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ọ̀tá wa kì í ṣe òmùgọ̀."

Ìgbà yẹn ni Apolline fi abẹ́rẹ́ gún àpò iyanrìn náà, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó gbójú sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá. Mo mọ ohun tí wọ́n á wò."

"Sọ ọ́."

"Fèrèsé wa. Gbogbo mẹ́jọ tó wà lókè. Bí agogo ọ̀sán bá dún, tí wọ́n ń jẹun lórí òrùlé yẹn, kí a ṣí wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí obìnrin kọ̀ọ̀kan yọ síbẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti ń lọ sí oṣù méjì tí wọ́n ti ń wo pákó títì. Wọ́n mọ irú ilé tó jẹ́, nọ́ńbà ńlá tí òfin ní kí ilé aṣẹ́wó kọ sára ògiri ti sọ fún wọn."

"Bí wọ́n bá yìnbọn ńkọ́?"

"Wọ́n á kọ́kọ́ wò ná, ọ̀gá. Níbi wíwò yẹn, mo gbà yín láyè kẹ́ ẹ gba ilé ọlọ."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín, Lescarre náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ lu itan igi rẹ̀. "Ọgbọ́n rèé! Ọjọ́rú, ọ̀sán gangan. Yìnyín yẹn ò lè dúró de Ọjọ́bọ̀."

"Corvol ńkọ́?" Pernelet bèèrè. "Bí fèrèsé ilé yìí bá ṣí, ẹ mọ̀ pé á sáré wá. Kò sí ohun tó lè dá a dúró. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún un kó jókòó sílé rẹ̀."

Hermance wo Apolline.

"Ó ń bọ̀ wá síbí lọ́la fún àyẹ̀wò," Apolline wí jẹ́ẹ́. "Èmi á sọ fún un."

Ta ni Corvol yìí? Òun ni ọlọ́pàá tí ìlú fi ṣọ́ àwọn aṣẹ́wó. Ìwé orúkọ àti nọ́ńbà wọn wà lápò rẹ̀, pẹ́ńsù wà létí rẹ̀. Kò gba rìbá rí, kò fọwọ́ kan obìnrin rí, kò sì dárí ji ẹnikẹ́ni rí. Bọ́ǹbù ń bọ́ lu ìlú, ìyẹn ń rìn káàkiri, ó ń wò ó bóyá pákó fèrèsé aṣẹ́wó tì dáadáa. Irú olóòótọ́ bẹ́ẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó ṣe aládùúgbò wa.

Apolline ní àbúrò kan, Zélie, ọmọ ogún ọdún, ahunléèsì. Ní oṣù kìíní ọdún tó kọjá, Zélie gbé léèsì tí Màdáámù ní kó hun fún yàrá àlejò wá. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé. Ó gun òkè lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní odò ti dì dé ìdí afárá. Ṣé òótọ́ ni?" Kí Apolline tó lanu, ọmọ náà ti fa irin, ó ti ti pákó síta ní ìbú ọwọ́ kan, ó sì yọjú. Kò tíì rí odò tí ohùn fi dún nísàlẹ̀ pé, "Ìwọ! Kí ni nọ́ńbà rẹ?"

Corvol gun òkè wá. Apolline kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Màdáámù bẹ̀ ẹ́. Zélie fi abẹ́rẹ́ àti òwú inú àpò rẹ̀ hàn án. Corvol ní, "Òfin ni. Ojú tó bá yọ ní fèrèsé ilé aṣẹ́wó, ojú aṣẹ́wó ni." Ó pọ́n pẹ́ńsù lá, ó kọ orúkọ ọmọ náà sínú ìwé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá sì wọ ìwé yẹn tuntun, ọsibítù ni wọ́n ń kó o lọ fún àyẹ̀wò, èyí tí wọ́n fi irin dí fèrèsé rẹ̀, tí iná kì í sí nínú ààrò rẹ̀. Zélie lo ọjọ́ mẹ́rìnlá níbẹ̀. Òtútù àyà pa á. Corvol fúnra rẹ̀ ló gbé bàtà onígi rẹ̀ padà wá, tó ní kí Apolline fọwọ́ síwèé pé òun gbà á.

Lálẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn, Lescarre fa idà rẹ̀ yọ, ó gbé e lé orí búrẹ́dì eèrí tó kù lórí tábìlì, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ sì ń gbọ́wọ́ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Apolline, ó gbọ́wọ́ lé irin tútù náà, ó ní, "Bí mo bá dalẹ̀ Valmeure, kí búrẹ́dì yìí fún mi lọ́rùn, kí a má sì rí ibi sin mí sí." Tinútinú ló fi búra. Ó fẹ́ràn ìlú náà, ìlú tí kò fẹ́ràn rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Corvol dé pẹ̀lú dókítà ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Wọ́n tò ní ìlà bí ìṣe wọn. Dókítà ń wò wọ́n, ó ń kánjú, ebi ń pa á. Corvol ń fi ọ̀pá rẹ̀ ti pákó fèrèsé wò ní yàrá kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan pé, "Ó dáa. Ó dáa. Ó dáa."

Nígbà tó kan Apolline, ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ó fẹ́ sọ ọ́. Ó ti sọ fún ara rẹ̀ lóru pé òun á sọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá fẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú àgbà, ó yẹ kó mú un ṣẹ.

"Ọ̀gá Corvol," ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, lọ́la..."

"Gourdet," Corvol gé e lẹ́nu, ó ń ṣí ìwé. "Gourdet méjì ni mo ní níbí. Èkejì dà? Kò sí ní ìlà. Kò sì sí níbẹ̀ lóṣù tó kọjá."

Apolline wo ẹnu ọkùnrin náà. "Zélie ni, ọ̀gá. Ó ti kú. Ó di ọdún kan."

"Kú? Ṣé o ní ìwé ẹ̀rí?"

"Ẹ̀yin lẹ gbé bàtà rẹ̀ fún mi."

Corvol fajú ro, ó ń wá a kiri nínú orí rẹ̀, kò rí i. "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a ó pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nígbà tí ogun bá parí. Títí di ìgbà náà, ó ṣì wà nínú ilé yìí. Kí lo fẹ́ sọ nípa ọ̀la?"

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Apolline gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó gbọ́ bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

"Rárá o, ọ̀gá," ó wí. "Mo kàn ní kí n kí yín pé ó dàárọ̀ ọ̀la."

Hermance tẹ̀lé e wọ ilé ìdáná. Ọ̀rá ẹṣin tó gbẹ̀yìn ni Apolline ń yọ́ lórí iná, èyí tí wọ́n máa fi pa irin fèrèsé tó ti dípẹtà kó má baà han.

"Ṣé o sọ fún un?"

"Ẹ ti gbọ́ ohun tó sọ fún mi, Àǹtí Hermance."

"Mo gbọ́. Ohun tí mo bi ọ́ kọ́ nìyẹn."

"Inú ẹni ni orúkọ tí a ó sọ ọmọ ẹni ń gbé."

Hermance fi ìka kan ọ̀rá náà, ó tọ́ ọ wò torí ebi. "Èmi ò rí nǹkan kan, n ò gbọ́ nǹkan kan," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n rọra o. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmùkùrù ẹ̀pọ̀n. Bó o bá kánjú, gbogbo wa la máa ké."

Ọjọ́rú mọ́. Òòrùn yọ láìgbóná. Ọgọ́rin ọkùnrin fi aṣọ ibùsùn funfun tó kù ní Ilé Kẹsàn-án bora, wọ́n sì lọ dùbúlẹ̀ lẹ́bàá kọ̀rọ̀ ilé ọlọ. Ọ̀kan nínú wọn fìdí jókòó, ó ń gbóòórùn tirẹ̀, ó ní, "Ẹ wo bí ọlá ti ń kọjá lára èèyàn. Mi ò lówó wọlé yìí rí, òní ni mo wá sùn nínú aṣọ rẹ̀!" Lescarre fi ọ̀pá gbá a léjìká.

Níwájú Ilé Kẹsàn-án, ìlú ti to àgbá ọtí tó kún fún iyanrìn sí etí odò, ó ga ju ènìyàn lọ. Ẹni tó bá fara pa mọ́ ìdí àgbá bọ́ lọ́wọ́ ikú. Ẹni tó bá kúrò níbẹ̀, tó sún mọ́ ilé, àwọn atamátàsé orí òrùlé ń rí i láti orí dé ìgbáròkó. Èèyàn mẹ́rìnlá ti kú níbẹ̀. Kọ́púrà Maugis ló ń ṣọ́ igun náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa pariwo, "Ìdí àgbá! Ẹ gba ìdí àgbá!"

Agogo ìjọ lù méjìlá.

Pákó mẹ́jọ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpẹtà ọgbọ̀n ọdún bọ́ sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ wọ yàrá tí kò wọ̀ rí, ó fi ògiri tó ti pá hàn, ó fi àbàwọ́n ibùsùn hàn, àwọn obìnrin kan sì fi ọwọ́ bojú. Lẹ́yìn náà wọ́n yọ síta. Hermance gbé ẹsẹ̀ kan lé ojú fèrèsé, ó pariwo sí odò pé, "Ẹ̀yin ọmọ ìyá yín, ṣé ẹ ti yó ni àbí kí n bù sí i?" Apolline wọ aṣọ pupa rẹ̀, ó sì so léèsì tí Zélie hun mọ́ ọrùn.

Fún ìgbà díẹ̀, kò sí nǹkan kan lódìkejì. Lẹ́yìn náà ni akoto irin kan yọ lórí òrùlé ilé awọ, ó di méjì, ó di ogún. Ẹnì kan súfèé. Ẹnì kan gbé abọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ sókè kí wọn. Ẹ̀rín wọn ń dún lórí yìnyín. Kò sí ìkankan nínú wọn tó wo apá ilé ọlọ, níbi tí aṣọ funfun ọgọ́rin ti bẹ̀rẹ̀ sí í rá lórí odò.

Corvol dé. Ó ń sáré bọ̀ ní ìdí àgbá, fìlà rẹ̀ ti wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Maugis na ọwọ́ dí i. "Ọ̀gá, ẹ padà! Àṣẹ ọ̀gágun ni!"

"Àṣẹ kankan ò sí lórí òfin!" Ó yọ ìwé jáde. "Ẹ ti fèrèsé yẹn! Gbogbo yín! Mo ń kọ yín sílẹ̀!" Ìdí àgbá ló wà, kò sí ohun tó lè ṣe é níbẹ̀. Ó na pẹ́ńsù sí fèrèsé kẹta. "Ìwọ! Kí ni nọ́ńbà rẹ?"

Apolline tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́ ojú fèrèsé. Ó fèsì, ṣùgbọ́n ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Kí lo wí?"

Ó tún sọ ọ́, ó sì rọ̀ ọ́ sí i. Corvol gbé ẹsẹ̀ kan kúrò ní ìdí àgbá.

"Ìdí àgbá!" Maugis ké. "Ọ̀gá, ìdí àgbá!"

Corvol dúró. Ó rántí. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ lápá odò, ó fẹ́ padà. Ẹ̀yin èèyàn, ìṣẹ́jú àáyá yẹn ni Apolline fi ní gbogbo agbára ayé lọ́wọ́. Ká ní ó pariwo nọ́ńbà rẹ̀ ketekete, ọkùnrin náà ì bá kọ ọ́ láti ibi tó wà, ì bá sì lọ sílé lọ jẹ búrẹ́dì eèrí rẹ̀. Apolline rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó sì gbé ètè, kò sí ohùn níbẹ̀ rárá.

Corvol rìn wá sábẹ́ fèrèsé, ọwọ́ létí.

"Orúkọ!"

Apolline wá gbé ohùn sókè. "Zélie Gourdet! Ẹ ní ó ṣì wà nínú ilé yìí!"

Corvol tẹ orí, ó ṣí ìwé, ó pọ́n pẹ́ńsù lá. Ó dúró jẹ́ẹ́ láti kọ ọ́ dáadáa.

Ìbọn kan ṣoṣo ló dún. Ọkùnrin náà jókòó sórí yìnyín tó bo òpópónà bí ẹni tó rẹ̀, ó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Obìnrin mélòó kan ké, wọ́n ṣubú sẹ́yìn kúrò lójú fèrèsé. Apolline kò kúrò. Ó ń wo ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ inú yìnyín. Inú rẹ̀ dùn. Mi ò ní bá a parọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ẹ̀rù bà á.

Kí àwọn Prọ́ṣíà tó tún ìbọn kì, ariwo ti sọ ní ilé ọlọ. Ogun náà ò pẹ́. Wọ́n bá àwọn ẹ̀ṣọ́ níbi tí wọ́n ti ń lá abọ́. Wọ́n kan ìṣó sí ihò ìbọn ńlá méjèèjì kí wọ́n má baà lè yìn ín mọ́, wọ́n gbé ìyẹ̀fun lé orí aṣọ ibùsùn, wọ́n ń wọ́ ọ bọ̀ lórí odò. Ọgọ́rin ló lọ, mọ́kàndínláàádọ́rin ló bọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Valmeure jẹ búrẹ́dì funfun, àwọn ìyàwó ilé tó máa ń tu itọ́ tí wọ́n bá rí Hermance sì ń kí i lójú pópó, bí ìtìjú ti ń bá wọn jà.

Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, Lescarre kọ́kọ́ gun òkè wá, ẹsẹ̀ igi rẹ̀ ń dún lórí àtẹ̀gùn, ìyẹ̀fun kún irùngbọ̀n rẹ̀. Ìwé Corvol wà lọ́wọ́ rẹ̀. Maugis ló fi ọ̀pá tó ní ìkọ́ fa òkú náà bọ̀ sí ìdí àgbá. Lescarre ṣí ìwé náà síwájú Apolline. Nísàlẹ̀ ojú ewé, lẹ́tà kan ṣoṣo ni pẹ́ńsù ti kọ.

"O ní wàá sọ fún un," ó wí.

"Mo ní bẹ́ẹ̀, ọ̀gá."

"O gbọ́wọ́ lé idà mi."

"Valmeure ni mo búra fún. N ò dalẹ̀ Valmeure. Ẹ ó jẹ búrẹ́dì lálẹ́ yìí, á dọ́fun, kò ní há."

Lescarre wò ó pẹ́. Jagunjagun ni, ó ti rí oríṣiríṣi ojú, ó sì mọ irú èyí tó wà níwájú rẹ̀. "Ọkùnrin mọ́kànlá ni mo fi sílẹ̀ lórí odò lónìí," ó wí. "Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń lọ kú fún. Ẹni kejìlá ò mọ̀. N ò ní bi ọ́ léèrè mọ́, Apolline, torí ìlú á jẹun lálẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n má rò pé n ò kà á mọ́ wọn." Ó ju ìwé náà sínú ààrò. "Ẹ ti àwọn fèrèsé yìí. Àwọn Prọ́ṣíà ò ní rẹ́rìn-ín lọ́la."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tì í lọ́kọ̀ọ̀kan. Pákó méje pa dé. Hermance wọlé, ó na ọwọ́ sí èyí tó kù, ti yàrá Apolline.

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan, ẹ̀gbọ́n mi."

"Wọ́n á yìnbọn lù ọ́."

"Ìṣẹ́jú kan péré."

Ọdún mẹ́sàn-án ni Apolline ti ń gbé létí odò Orme, kò sì fojú kàn án láti inú yàrá rẹ̀ rí. Láti ọ̀sán yìí gan-an tí fèrèsé ti ṣí, ojú Corvol nìkan ló ń wò. Ó wá gbójú kọjá òkú tí Maugis ti da aṣọ bò, ó gbójú kọjá àgbá, ó wò ó. Odò náà funfun láti etí dé etí, ó dákẹ́, ó lọ títí dé ìdí afárá. Ayọ̀ ọ̀sán ti lọ, kò sì mọ ìgbà tó lọ.

Ó tú léèsì náà kúrò lọ́rùn, ó fi nu ojú.

"Òótọ́ ni, Zélie," ó wí. "Ó ti dì."

Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa pákó náà dé.